Akíntọ́lá-takú àti Jogbo: Ìlò àti Orúkọ-Ìperí Èpò Agídí Méjì ní Agbègbè Ìbàdàn

Ẹni tí ó bá gba Mọ́níyà kọjá lọ sí àwọn abúlé Akínyẹlé ní ìparí òjò yóò rí òdòdó tí ó pọ́n bí ìyeyè, tí ó tò lọ rẹrẹẹrẹ ní ẹ̀bá ọ̀nà. Bí ọyẹ́ bá dé, tí ẹni náà bá yà sí oko tí wọ́n ti fi sílẹ̀ fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta, òdòdó mìíràn ni yóò bá níbẹ̀, funfun tí ó fẹ́ jọ eérú, tí èso rẹ̀ wẹ́wẹ́ ń fò kiri nínú afẹ́fẹ́ bí òwú. Jogbo ni èkíní. Èkejì ni èyí tí àwọn kan ń pè ní ewé Akíntọ́lá, tí àwọn mìíràn ń pè ní ewé Awólọ́wọ̀, tí àwọn mìíràn sì ń pè ní Akíntọ́lá-takú. Bí wọ́n ti rí ní Akínyẹlé náà ni wọ́n rí ní Lágelú, ní Ẹgbẹ́dá àti ní Ọ̀nà-Àrà. Àgbẹ̀ a ro wọ́n ní oṣù kẹrin, a sì tún bá wọn lórí ìdúró ní oṣù kẹfà.

Ohun tí ó mú kí ọ̀rọ̀ wọn tó gbé yẹ̀wò ni pé owó ajílẹ̀ inú àpò ti kọjá agbára ọ̀pọ̀lọpọ̀ àgbẹ̀ kékeré, bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú èròjà tí ó wà nínú àpò náà wà nínú èpò tí wọ́n ń ro dànù tàbí tí wọ́n ń dáná sun lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ àgbẹ̀ ní bí yóò ti lo èpò, ó yẹ kí orúkọ èpò kọ̀ọ̀kan àti orúkọ iṣẹ́ tí a fẹ́ fi í ṣe kọ́kọ́ dá ṣáká. Ọ̀kan nínú àwọn ewé méjèèjì ni wọ́n ń fún sójú ọgbẹ́. Èkejì ni wọ́n ń sè mu. Ẹni tí ó bá ṣi orúkọ gbọ́ lè ṣi ewé já.

Ọ̀rọ̀ náà ‘èpò’ pàápàá kì í ṣe orúkọ ìdílé ewéko kan. Ohun tí àgbẹ̀ kò gbìn, tí ó sì ń bá ohun tí ó gbìn du oúnjẹ, omi àti ìmọ́lẹ̀ oòrùn, ni èpò. Tẹ̀tẹ̀ tí ó hù láàárín àgbàdo jẹ́ èpò lójú baálé, ó jẹ́ ọbẹ̀ lójú ìyàwó rẹ̀. Nítorí náà èpò jẹ́ ọ̀rọ̀ ìdájọ́ ju ọ̀rọ̀ ìṣẹ̀dá lọ, ìdájọ́ sì ṣeé yí padà bí ẹ̀rí tuntun bá yọjú.

Orúkọ àti ìtàn

Àwọn Yorùbá a máa fi ìwà ewéko sọ ọ́ lórúkọ. Patanmọ́ a máa pa ewé rẹ̀ dé bí a bá fọwọ́ kàn án. Èèmọ́ a máa lẹ̀ mọ́ aṣọ. Òórùn ni ó sọ imí-eṣú di imí-eṣú. Akíntọ́lá-takú tẹ̀lé ìlànà yìí, ṣùgbọ́n ó fi ìtàn ìṣèlú kún un. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn láti 1954 títí di 1959. Olóyè Samuel Ládòkè Akíntọ́lá ni ó gba ipò náà lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí ìjà dé sínú ẹgbẹ́ wọn, tí wọ́n ní kí Akíntọ́lá fi ipò sílẹ̀ ní oṣù karùn-ún 1962, ó kọ̀ jálẹ̀, ọ̀ràn náà sì di ti ilé-ẹjọ́. Àwọn ọdún tí ìjà yìí gbóná ni èpò tuntun yìí ń gba oko lọ́wọ́ àgbẹ̀ ní ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn. A gé e, ó rú. A sun ún, ó tún rú láti inú kùkùté. Ó takú ni lóòótọ́. Ìṣe báyìí kò mọ sí ilẹ̀ Yorùbá nìkan, nítorí pé orúkọ Acheampong, ọ̀gágun tí ó ṣe olórí ìjọba Ghana láti 1972 sí 1978, ni àwọn ará Ghana fi sọ èpò kan náà.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ewé kan ṣoṣo ni ó ń jẹ́ orúkọ olóyè méjì tí wọ́n bá ara wọn jà. Àgbẹ̀ méjì lè máa sọ̀rọ̀ nípa ewé kan náà kí wọ́n rò pé ewé méjì ni. Ìwé tí Z. O. Gbilé ṣe lórí orúkọ àwọn ewéko Nàìjíríà ní èdè Yorùbá, tí Ilé-Ẹ̀kọ́ Ìwádìí Igbó ní Ìbàdàn tẹ̀ jáde ní 1984, jẹ́ ẹ̀rí pé irú iṣẹ́ àtòjọ báyìí ṣeé ṣe, ó sì wúlò. Fún èdè ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, ó sàn kí a mú orúkọ kan. Àpilẹ̀kọ yìí mú akíntọ́lá-takú, tí a ó máa fi lẹ́tà kékeré bẹ̀rẹ̀ láàárín gbólóhùn, nítorí pé òun nìkan ni ó sọ ìwà èpò náà, tí kò sì ṣeé ṣì mú fún orúkọ ènìyàn. Àwọn onímọ̀ ewéko pàápàá kò bọ́ nínú irú wàhálà yìí: Linnaeus pè é ní Eupatorium odoratum ní 1759, orúkọ yẹn ni ó sì ń jẹ́ títí di 1970, nígbà tí King àti Robinson gbé e lọ sí ìsọ̀rí mìíràn, tí ó fi di Chromolaena odorata. Ẹni tí ó bá ń ka ìwé àtijọ́ ní láti mọ orúkọ méjèèjì.

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti wá. Àwọn òyìnbó kó o lọ sí Éṣíà, ó gbilẹ̀ níbẹ̀, èrò àwọn onímọ̀ sì ni pé inú irúgbìn igi gmelina tí wọ́n kó láti Ceylon, èyí tí ó ń jẹ́ Sri Lanka nísinsìnyí, ni ó gbà wọ Nàìjíríà ní ẹ̀bá Enugu ní nǹkan bí ìparí àwọn ọdún 1930. Láti ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́, ọkọ̀ àti ẹsẹ̀ ènìyàn ti gbé e dé oko kòkó àti oko ọ̀pẹ ní ìhà ìwọ̀-oòrùn. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà náà ni jogbo ti wá, láti Mexico àti agbègbè rẹ̀. Tithonia diversifolia ni orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀. Ẹwà òdòdó rẹ̀ ni ó mú kí wọ́n máa gbìn ín káàkiri ayé kí ó tó di ẹrù-ìbànújẹ́.

Dídá wọn mọ̀

Ìdílé kan náà ni àwọn méjèèjì, ìdílé òdòdó oòrùn, èyí tí yúnyún, imí-eṣú àti ewúro pẹ̀lú wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wọn kò fara sin. Ewé akíntọ́lá-takú a máa so ní méjì-méjì, ọ̀kan ní ìhà ọ̀tún, ọ̀kan ní ìhà òsì, ní ojú kan náà lára igi rẹ̀. Ewé náà ní igun mẹ́ta, eteetí rẹ̀ rí wọ́gọwọ̀gọ, iṣan mẹ́ta sì là láti ìdí rẹ̀ bí àmúga. Bí a bá fi ọwọ́ rún un, òórùn rẹ̀ á ta sí ni nímú. Ewé jogbo ní tirẹ̀ kì í so ní méjì-méjì. Ó tóbi jù, ó sì pín sí ẹ̀ka mẹ́ta tàbí márùn-ún bí ìka ọwọ́. Òdòdó rẹ̀ tóbi bí àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ti adùn, kò sí ẹni tí kò mọ ‘ó korò bí jogbo’.

Bí wọ́n ti ń bí sí i ni ó fa agídí wọn. Èso akíntọ́lá-takú kéré, ó fúyẹ́, ó sì ní irun tí afẹ́fẹ́ fi ń gbé e. Igi kan ṣoṣo lè so ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn. Oṣù kọkànlá sí oṣù kìíní ni ó ń tanná, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni èso ń fò. Jogbo pẹ̀lú a máa so èso púpọ̀, ṣùgbọ́n ó tún ní ọgbọ́n mìíràn: igi rẹ̀ tí a gé jù sórí ilẹ̀ tútù lè ta gbòǹgbò. Ẹni tí ó bá fẹ́ lò ó kò gbọdọ̀ gbàgbé èyí, nítorí pé ẹni tí ó bá fi igi jogbo tútù bo ebè rẹ̀ kò bo nǹkan kan, ó gbin jogbo ni.

Ilẹ̀ tí ó ń sinmi

Kí ó tó di pé akíntọ́lá-takú dé, ọ̀tá tí àgbẹ̀ ilẹ̀ yìí bẹ̀rù jù ni èkan. Abẹ́ ilẹ̀ ni èkan ń rìn. Ṣóńṣó rẹ̀ a máa gún iṣu wọ inú, iṣu tí ó bá gún kò sì ní pẹ́ kí ó tó jẹrà. Àmọ́ èkan kò lè gbé abẹ́ òjìji. Akíntọ́lá-takú a máa ga tó mítà méjì sí mẹ́ta, a sì ṣú bolẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí èkan kò ní rí oòrùn. Ní ọdún méjì tàbí mẹ́ta, èkan á ti rọ, ewé tí ó já sílẹ̀ á ti di ìlẹ̀dú, ilẹ̀ náà á sì rọ̀ fún ọkọ́. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ tí ń bú èpò yìí fi tún ń wá ibi tí ó pọ̀ sí nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ṣán oko tuntun. Ìwà wọn kò ta ko ara wọn: nínú oko, èpò ni; lórí ilẹ̀ tí a fi sílẹ̀, alágbàtọ́ ilẹ̀ ni. Fún ilẹ̀ báyìí, ‘ilẹ̀ àfisílẹ̀’ dára ní orúkọ-ìperí ju ‘igbó’ lọ, nítorí pé igbó kò sọ pé àgbẹ̀ ṣì ní ìpinnu láti padà wá.

Ibi tí èrè yìí ti ń sọnù ni iná. Bí a bá sun ún, púpọ̀ nínú náítírójìn rẹ̀ á bá èéfín lọ. Pòtásíọ̀mù, kálísíọ̀mù àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì a máa kù sínú eérú, bí òjò ńlá kò bá kọ́kọ́ wọ́ ọn lọ. Igi rẹ̀ tí ó ti gbẹ nínú ọyẹ́ a máa jó kíákíá, oko kòkó aládùúgbò kì í sì í jìnnà.

Ọ̀nà mìíràn tí àwọn ìjọba gbìyànjú ni láti fi kòkòrò bá èpò jà. Ní àwọn ọdún 1970 wọ́n kó irú afopiná kan tí ìdin rẹ̀ ń jẹ ewé akíntọ́lá-takú wá sí Nàìjíríà, ṣùgbọ́n kò fìdí múlẹ̀. Ní Ghana, níbi tí wọ́n ti tú u sílẹ̀ láti 1991, ó ṣe dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ajílẹ̀ tútù, ìbòlẹ̀ àti àkójẹrà

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí ni àwọn tí ń kọ̀wé fún àgbẹ̀ máa ń dà pọ̀. Ajílẹ̀ tútù ni ewé tútù tí a gé, tí a sì rì mọ́ ilẹ̀ kí ó lè jẹrà níbẹ̀. Ìbòlẹ̀ ni ewé tí a tẹ́ sí ojú ilẹ̀ láìrì í, kí ó lè dí oòrùn, kí ó dá omi dúró, kí ó sì pa èpò kéékèèké. Ewé tí àgbẹ̀ oníṣu fi ń dé ebè jẹ́ irú rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni èyí tí a kó jọ sí òkìtì títí ó fi jẹrà kí a tó gbé e lọ sí oko. Àwọn kan dábàá pé kí a máa pe èyí ní ààtàn. Lóòótọ́, àwọn ìyá ilé ti mọ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀ pé ẹ̀fọ́ ẹ̀bá ààtàn kì í gbó bọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí ilé kò fẹ́ ni ń lọ sí ààtàn, títí kan àfọ́kù ìgò. Ìlẹ̀dú náà kò bá a mu pátápátá, nítorí pé ìlẹ̀dú a máa wà fúnra rẹ̀ láìsí ọwọ́ ènìyàn níbẹ̀. ‘Ajílẹ̀ àkójẹrà’, tàbí ‘àkójẹrà’ lásán, sọ iṣẹ́ náà bí ó ti rí: a kó o jọ, ó jẹrà.

Jogbo ni ó yẹ jù fún ajílẹ̀ tútù. Àwọn olùwádìí tí wọ́n wọn ewé rẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn Kenya, tí iṣẹ́ wọn sì jáde ní 2000, rí i pé nínú ìwọ̀n 100 ewé gbígbẹ, náítírójìn kó nǹkan bí 3.5, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kó 0.37, pòtásíọ̀mù sì kó 4.1. Iye yìí pọ̀ fún ewé tí kì í ṣe ti ìdílé ẹ̀wà. Jogbo kò lè mú náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́ bí ẹ̀wà ti ń ṣe. Inú ilẹ̀ ni ó ti ń kó o jọ. Ẹni tí ó bá gé e ní ẹ̀bá ọ̀nà wá sí oko ń gbé ọrọ̀ ilẹ̀ kan lọ sí orí ilẹ̀ kejì ni. Ẹni tí ó bá sì gé e nínú oko tí ó tún rì í mọ́ oko kan náà kò fi nǹkan kún un, ó kàn dá a padà ni.

Ìṣirò díẹ̀ yóò fi ibi tí agbára rẹ̀ mọ hàn. Àpò ajílẹ̀ 15-15-15 tí ó wọn kìlógíráàmù 50 ní kìlógíráàmù 7.5 náítírójìn nínú. Kí ewé jogbo tó ní iye yẹn, yóò tó kìlógíráàmù 214 ewé gbígbẹ. Bí kìlógíráàmù márùn-ún ewé tútù bá ń di ọ̀kan nígbà tí ó bá gbẹ, ewé tútù tí a nílò lé ní 1,000 kìlógíráàmù. Bí ẹrù orí kan bá wọn 25, ó ju ogójì ẹrù lọ. Kò sí ọlọ́gbọ́n tí yóò sọ fún àgbẹ̀ pé kí ó fi orí ru èyí fún gbogbo oko àgbàdo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ebè ẹ̀fọ́ kan tí ó fẹ̀ tó mítà mẹ́wàá níbùú àti lóròó papọ̀, ìyẹn mítà márùn-ún ní gígùn àti méjì ní ìbú, kò nílò ju nǹkan bí kìlógíráàmù mẹ́sàn-án ewé tútù lọ bí a bá ń wá kìlógíráàmù 60 náítírójìn fún hẹ́kítà kan. Ẹrù orí kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ebè mẹ́ta. Ọgbà ẹ̀fọ́, ilé-ìtọ́jú èèhù àti ọgbà ẹ̀yìnkùlé ni jogbo wà fún.

Ìṣirò kan náà fi àbùkù rẹ̀ hàn. Kìlógíráàmù 214 ewé gbígbẹ yẹn ní pòtásíọ̀mù ju ti inú àpò lọ, ṣùgbọ́n fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì rẹ̀ kò tó ìdá mẹ́ta ti inú àpò. Ìgbẹ́ adìyẹ ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì dáadáa, oko adìyẹ sì wà ní agbègbè Ẹgbẹ́dá àti Lágelú. Nítorí náà àkójẹrà tí a fi jogbo, akíntọ́lá-takú àti ìgbẹ́ adìyẹ ṣe pé ju èyí tí a fi ewé nìkan ṣe lọ. A ó gé ewé náà wẹ́wẹ́ kí òdòdó tó yọ, a ó fi sílẹ̀ ní ọjọ́ kan tàbí méjì kí ó rọ, a ó sì tò ó ní ìpele-ìpele pẹ̀lú ìgbẹ́ adìyẹ títí òkìtì yóò fi ga tó ìgbàyà ènìyàn. Kòkòrò àìfojúrí tí ń jẹ ẹ́ yóò mú kí àárín òkìtì gbóná. Ooru yẹn ni ó ń pa irúgbìn èpò, nítorí náà a ní láti máa yí i po, kí ohun tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lè bọ́ sí àárín. Tí ó bá ti dúdú, tí kò gbóná mọ́, tí òórùn rẹ̀ sì di ti ilẹ̀ lẹ́yìn òjò, ó ti tó lò.

Ìdí méjì ni ó wà tí gígé ṣáájú òdòdó fi ṣe pàtàkì. Ti èso hàn gbangba. Èkejì ni ti tata aláwọ̀ adíkálà tí ń jẹ ewé ẹ̀gẹ́ ní ẹ̀ẹ̀rùn: iṣẹ́ àwọn onímọ̀ kòkòrò ní àwọn ọdún 1980 fi hàn pé òdòdó akíntọ́lá-takú a máa fà á mọ́ra, oró inú òdòdó náà ni ó sì ń kó sára láti fi dáàbò bo ara rẹ̀. Ẹni tí ó bá jẹ́ kí ó tanná ní ẹ̀gbẹ́ oko ẹ̀gẹ́ ti pe àlejò sí i.

Ohun kan kù tí àgbẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀. Ìwádìí ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, fi hàn pé omi tí a fún lára jogbo lè dí híhù àti dídàgbà tẹ̀tẹ̀ lọ́wọ́. Oje tí ewéko kan fi ń dá ewéko mìíràn lẹ́kun báyìí ni ‘oje ìdènà’ yẹ fún ní orúkọ-ìperí. ‘Májèlé’ kò bá a mu, nítorí pé kì í pa gbogbo ohun tí ó bá kàn, ó sì ń tán nílẹ̀ bí ewé ti ń jẹrà. Lẹ́yìn tí a bá rì í mọ́lẹ̀, ó yẹ kí a dúró tó ọ̀sẹ̀ méjì kí a tó fọ́n irúgbìn wẹ́wẹ́. Tòmátò tí a lọ́ láti ilé-ìtọ́jú kò ní ìṣòro tó bẹ́ẹ̀.

Ẹran, ọgbẹ́ àti àgbo

Akíntọ́lá-takú kì í ṣe oúnjẹ ẹran. Ewé rẹ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rú a máa ní náítíréètì púpọ̀, èyí tí ó lè pa màlúù tí ebi mú jẹ ẹ́.

Ní ti ọgbẹ́, kò sí abúlé tí wọn kò ti mọ̀ pé bí àdá bá bu ènìyàn, ewé rẹ̀ ni a ń rún, tí a ń fún omi rẹ̀ sójú ibẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn ní Vietnam ti lo oje ewé yìí fún ọgbẹ́ àti iná tí ó jó ènìyàn, ìwádìí sì ti fi hàn pé ó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dá, ó sì ń ran àwọn sẹ́ẹ̀lì awọ ara lọ́wọ́. Èdè Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ tó fún èyí, bí a kò bá dà wọ́n pọ̀: ẹ̀jẹ̀ ‘dì’ nígbà tí ó bá ki, tí kò ṣàn mọ́, ẹ̀jẹ̀ ‘dá’ nígbà tí kò jáde mọ́, ìbáà jẹ́ pé ó dì tàbí pé iṣan fún pọ̀, ọgbẹ́ ‘jinná’ nígbà tí awọ bá padà bò ó. Ewé tí ó mú kí ẹ̀jẹ̀ dá kò tíì wo ọgbẹ́ jinná. Bẹ́ẹ̀ ni kò dí ọ̀nà mọ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì, àrùn tí ń mú àgbọ̀n le gbagidi, tí ó sì ń gba ọgbẹ́ tí ó dọ̀tí wọlé. Ọgbẹ́ tí ó jìn ṣì ń fẹ́ abẹ́rẹ́ àti ilé-ìwòsàn.

Jogbo ni ti àgbo. Ọ̀pọ̀ ń sè é mu fún ibà, èròjà kíkorò kan tí ó ń jẹ́ tagitinin C, tí ó wà nínú rẹ̀, sì ń bá kòkòrò ibà jà nínú ìgò àyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n ìwádìí tí àwọn onímọ̀ Nàìjíríà tẹ̀ jáde ní 2009 fi hàn pé oje ewé náà ba kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ àwọn eku tí wọ́n fún jẹ́. Ewúro korò, a sì ń jẹ ẹ́ lọ́bẹ̀. Jogbo korò, kì í ṣe ọbẹ̀. Èdè àgbo pẹ̀lú ní àléébù tirẹ̀ níhìn-ín: ‘ife kan láàárọ̀, ife kan lálẹ́’ kì í ṣe ìwọ̀n oògùn, nítorí pé ọjọ́ orí ewé, iye ewé tí ó wọ ìkòkò àti bí ó ti pẹ́ tó lórí iná ni ó ń sọ bí èròjà inú ife kan yóò ti pọ̀ tó. ‘Ìwọ̀n-èròjà’ ni ó yẹ kí a máa pe ohun tí ara ń gbà, kí a sì fi ‘ìwọ̀n-omi’ sílẹ̀ fún ife. Ẹni tí ó ń mu àgbo jogbo lójoojúmọ́ mọ ìwọ̀n-omi tí ó mu. Kíndìnrín rẹ̀ ni ó mọ ìwọ̀n-èròjà.